Mo ti gé léèsì màmá ìyàwó kù, Sátidé yìí ni ìgbéyàwó, ẹ gbà mí o

TeloMushin · Túsìdeè, 11:20 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n ni. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Múṣin, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ṣe fríìdọ̀mù, mo ń rán tọkùnrin mo ń rán tobìnrin. Màmá kan kó léèsì yáàdì márùn-ún wá fún mi, ìró, bùbá pẹ̀lú ìpèlé, ọmọ wọn ló ń ṣègbéyàwó Sátidé yìí, àwọn gan-an ni màmá ìyàwó. Ọjọ́bọ ni wọ́n ń bọ̀ wá wọ̀ ọ́ wò.

Ní bíi aago mẹ́jọ alẹ́ òní, iná ti lọ, mo tan làńtánì oníbátìrì, mo ka mẹ́ṣọ̀ nínú ìwé, mo rí 38 ní àyà, mo fa ṣọ́ọ̀kì, mo gé e. Ìgbà tí mo gbé e sókè báyìí ni ọkàn mi sọ pé rárá o, màmá tí mo rí yẹn kì í ṣe 38. Mo gbé ìwé sún mọ́ iná. 48 ni. Ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ ọ́, bó ṣe kọ 4 ẹ̀ ló jọ 3, àmọ́ èmi ni mo mú sísọ́ọ̀sì dání, mi ò lè torí ẹ̀ lu ọmọ ọlọ́mọ.

Mi ò tíì fọwọ́ kan ti ìró àti ìpèlé, bùbá nìkan ló ṣe. Kò sì sí àjẹkù kankan tí mo lè fi lẹ̀ ẹ́. Ṣé kí n sáré lọ sí Balógun láàárọ̀ ọ̀la kí n wá irú ẹ̀ kí n fi pààrọ̀ láìsọ fún wọn ni, àbí kí n sọ? Owó iṣẹ́ tí wọ́n san fún mi ò tó ra yáàdì kan nínú ẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n sùn ná. Oorun wo?

SisiSurulere · Túsìdeè, 11:31 alẹ́

Háà. Màmá ÌYÀWÓ! Ká ní ìyá ọkọ ni à bá sọ pé ó sàn díẹ̀ 😩 Ọlọ́run á yọ yín o bọ̀dá.

OmoIdumota · Túsìdeè, 11:40 alẹ́

Ọ̀rọ̀ tí kò le. Ẹ sọ fún wọn pé áyọ́ọ̀nù ló jó o. Iná dé lójijì, áyọ́ọ̀nù ti gbóná kọjá àlà, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún àwọn oníná, ẹ̀yin náà á bá wọn ṣépè. Ọ̀ràn ti tán.

IyaAlaso_Balogun · Ọjọ́rú, 5:52 àárọ̀

Ọmọ mi, fara balẹ̀. Èyí tó ní kí o sọ pé áyọ́ọ̀nù ló jó o yẹn, ṣé wọn ò ní ní kí o mú ibi tó jó wá ni?

Ọdún 22 ni mo ti ń ta léèsì, má wulẹ̀ wá síbí wá ra òmíràn o. Léèsì kì í ṣe àǹkárá. Àwọ̀ ìdì kan àti ìdì kejì kì í bára mu tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà kan náà ló wà lára ẹ̀. O ò ní mọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù wa torí iná glóòbù, ìgbà tí màmá bá bọ́ sójú oòrùn ni ìró á máa dúdú tí bùbá á máa pọ́n. Kámẹ́rà wá máa ń tú èèyàn fó ju ojú lọ. Bó bá wá jẹ́ ojúlówó tó ń ti Austria wá, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Lustenau ni wọ́n ti ń ṣe é, àtìgbà ọdún 1960 síwájú ni wọ́n ti ń bá àwọn ìyá wa ṣòwò ẹ̀, wọn kì í ṣe dísáìnì kan ní rẹpẹtẹ. Bó bá ti tán lọ́jà, o lè wá a títí di Kérésì.

Ohun tí mo fẹ́ bi ẹ́ rèé. Ṣé màmá nìkan ló ra irú ẹ̀ àbí àwọn àbúrò wọn náà mú un? Torí ìdílé ìyàwó kì í sábà ra yáàdì márùn-ún péré. Mẹ́wàá mẹ́wàá ni mo máa ń gé fún wọn, ẹni méjì á wá pín in. Bí ẹnì kan bá wà nínú wọn tí ara ẹ̀ kéré tí kò sì tíì rán tiẹ̀, ìwọ náà ti mọ ibi tí mò ń lọ. Bùbá tó o gé sí 38 yẹn, bùbá ẹnì kan ni, o kàn gé e fún ẹni tí kò ni ín ni. Àmọ́ o ò lè débẹ̀ láìgba ẹnu màmá kọjá. Lọ sọ fún wọn. Kó tó di ọ̀sán.

AntiAranso_Yaba · Ọjọ́rú, 6:30 àárọ̀

Ẹ gbọ́ ti màmá yìí o. Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí, mo sì pa á mọ́.

Agbádá ni. Bàbá kan, kì í ṣe ọlọ́rọ̀, tíṣà ni wọ́n, wọ́n fẹ́ fi ṣe ọgọ́ta ọdún. Mo gé ọrùn ẹ̀ já jù, ọrùn agbádá tó fẹ̀ bí ẹnu àgbá. Dípò kí n sọ, mo ká a sínú báàgì Ghana-must-go, mo tì í sábẹ́ tábìlì. Wọ́n dé, mo ní kí wọ́n padà wá Fúráìdeè. Fúráìdeè dé, mo ní ẹni tó ń bá mi ṣe iṣẹ́ ọrùn lọ sílé. Bí fóònù bá ti ń dún ni inú mi á máa kùn. Mi ò lè jẹun ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù o, bí mo bá rí ọkùnrin tó dé fìlà aláwọ̀ ewé lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo máa bá ara mi. Ọjọ́ ìbí kọjá. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá, wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kí n kó aṣọ àwọn fún àwọn bó ṣe wà. Mo kó o jáde. Wọ́n ká a lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí orúnkún wọn, wọ́n fọwọ́ ra ibi tó ṣẹ́ kó dán. Wọ́n wá ní, "Ìyáàfin, ká ní ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ kìíní, mo ní èyí tí mo wọ̀ nígbà ìgbéyàwó mi nílé, ṣe ni ǹ bá fọ̀ ọ́." Wọ́n jáde.

Ẹ rí i, ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ǹ bá ti gbàgbé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a, tèmi ò pé oṣù kan.

Bọ̀dá, bí ẹ bá rí yáàdì kan péré gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ má rán an pọ̀ gbọnrangandan bí àǹkárá. Ẹ gbé òdòdó ti apá kan lé ti apá kejì, ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ tọ etí òdòdó náà yípo, kí ẹ tó gé èyí tó wà lábẹ́ kúrò. Ojú ò ní rí ojú ìránṣọ. Ṣé dry lace ni àbí kẹ́míkà? Torí kẹ́míkà, wọ́n ti fi kẹ́míkà yọ aṣọ ìdí ẹ̀ dànù, òwú nìkan ló kù, ìyẹn gan-an rọrùn láti so pọ̀ lọ́nà yìí.

TeloMushin · Ọjọ́rú, 6:48 àárọ̀

Dry lace ni àǹtí. Ẹ ṣé gan-an. Mo ti wẹ̀. Mò ń lọ sílé màmá. Ẹ fi àdúrà ràn mí lọ́wọ́.

DerebaAguda · Ọjọ́rú, 8:15 àárọ̀

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé gbogbo àṣìṣe ló ní ìbùkún nínú, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi torí ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kà á.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní 2020 ni mo ra máṣíìnì ọ̀kadà, owó àjọ ọdún méjì àti èyí tí ìyàwó mi yá mi nínú owó ọjà ẹ̀. Mò ń gbé Àgùdá, mo fẹ́ máa ṣe ọ̀kadà Ojúẹlẹ́gba sí Láwánsọ́n. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù Kejì, ìjọba Èkó lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ kúrò ní Surulere, kúrò ní Yaba, kúrò ní Ìkẹjà, kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn dispatch tí ẹ́ńjìnnì wọn tóbi nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, tèmi ò tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n gbé e pamọ́ bóyá wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà, oṣù Kẹta parí, kòrónà dé, wọ́n ti ìlú pa láti 30 oṣù Kẹta. Ilé la wà tí mò ń wo máṣíìnì nínú kọ́ridọ̀, ọmọ mi kékeré ń gùn ún ṣeré, ó ń ṣe fììnfììn lẹ́nu. Mo tà á fún ẹnì kan ní Mowe ní ìdajì owó. Òní yìí bọ́ọ̀sì ẹlòmíì ni mò ń wà.

Ìbùkún ibẹ̀ dà? Ẹ má bínú o, mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ò tiẹ̀ dùn ún gbọ́: wọ́n ti ń sọ ọ́ ní gáréèjì ṣáájú. Láti 2012 ni òfin ti wà pé kí ọ̀kadà má gba títì 475 ní Èkó, kò sí ẹni tí kò mọ̀, a kàn ń sọ pé Èkó ni, kò lè ṣẹlẹ̀ ni. Kì í ṣe pé ayé yí mọ́ mi lọ́wọ́ lójijì. Mo rí i tó ń bọ̀, mo wo ibòmíì.

SisiSurulere · Ọjọ́rú, 8:40 àárọ̀

Fììnfììn tí ọmọ yẹn ń ṣe yẹn ló pa mí lẹ́kún bọ̀dá. Ẹ kú ìfaradà.

BabaEbuteMetta · Ọjọ́rú, 10:05 àárọ̀

Mo kí gbogbo yín. Dẹ́rẹ́bà, òótọ́ lo sọ, àwọn ará òde òní ti sọ ọ̀rọ̀ "ó máa dáa" di orin. Àgbà ló ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ìwọ ti wo ẹ̀yìn, ìyẹn ti tó.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa àdúgbò mi. Ní 1913 ọmọ Jàmáíkà kan tó ń jẹ́ Amos Shackleford wá sí Nàìjíríà, iṣẹ́ akọ̀wé réluwéè ló bá wá, ó sì buwọ́ lùwé pé òun á ṣe é fún ọdún mẹ́ta. Ó yẹ kó ti parí iṣẹ́ ẹ̀ kó máa lọ. Ní 1921 ńkọ́, Ebute Metta níbí ló ti ń ṣe búrẹ́dì, nígbà tí búrẹ́dì ò tíì di oúnjẹ gbogbo èèyàn. Nígbà tó yá, ọba búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Réluwéè ò lé e, kò ṣe àṣìṣe kankan tí mo gbọ́, ọ̀nà kàn yà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ni, ó sì yà. Bàbá tèmi tó lo gbogbo ayé ẹ̀ ní réluwéè máa ń sọ ìtàn ẹ̀ fún wa pẹ̀lú ìlara díẹ̀, bí búrẹ́dì bá ti wà lẹ́nu wọn.

OmoIdumota · Ọjọ́rú, 10:11 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Kí ló kan búrẹ́dì pẹ̀lú bùbá 😂

BabaEbuteMetta · Ọjọ́rú, 10:30 àárọ̀

Kò kàn án. Ebi ń pa mí ni.

Risi_Obalende · Ọjọ́rú, 11:02 àárọ̀

Èmi ò ní ìtàn ńlá. Ọjọ́ kìíní tí mo wa ọkọ̀ gba orí Third Mainland, Adéníji ló yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rù bà mí láti yà sọ́tùn-ún torí dáńfó kan ń fọn fèrè sí mi létí. Mo kọjá. Afárá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, kò sí pé o fẹ́ padà, àfi kó o máa lọ. Mo bọ́ sí Òbáléǹdé, mo sunkún, mo páàkì. Ibi tí mo páàkì sí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé yàrá wà fún rẹ́ǹtì. Ọdún kẹfà mi rèé nínú ẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù ń yọ mí lẹ́nu o, ẹ má rò pé Párádísè ni.

TeloMushin · Ọjọ́rú, 4:37 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dé o. Ẹ jókòó.

Ilé màmá ni mo bá wọn, àwọn obìnrin bíi méje ń ṣa ẹ̀gúsí ní ẹ̀yìnkùlé, ọ̀pọ́n kún, orin ń lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, omi wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Màmá rò pé mo wá gba báláǹsì ni. Mo ní rárá màmá, mo ti ṣẹ̀ yín, mo ti gé bùbá yín kù. Orin dúró. Wọ́n ní, "Mú un wá." Mo yọ ọ́ nínú lailọ́ọ̀nù. Wọ́n dìde, wọ́n fi lé àyà, ó dà bí ẹni fi bíìbù ọmọ sọ́rùn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan fi ẹ̀rín pamọ́ sínú ikọ́.

Màmá ò sọ̀rọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú yẹn gùn ju gbogbo ọdún mẹ́sàn-án mi lọ. Wọ́n wá bi mí, "Ta lo tún ti sọ fún?" Mo ní, mo ti sọ fún àwọn èèyàn orí íntánẹ́ẹ̀tì mà. Wọ́n ní, "Ṣé orúkọ mi wà níbẹ̀?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "O ṣe é o."

Ìgbà yẹn ni mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè IyaAlaso. Òótọ́ ni o! Yáàdì 20 ni wọ́n rà, àwọn àti àbúrò wọn mẹ́ta. Àwọn méjì ti rán tiwọn. Èyí àbíkẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Fẹ́stàkì, télọ̀ tiwọn ní Surulere ò tíì gé e, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́! Màmá pè wọ́n, wọ́n fi fóònù sí sípíkà kí gbogbo wa lè gbọ́. Àǹtí ní àwọn ò gbà. Wọ́n ní, "Bùọ̀dá télọ̀ yín ṣe àṣìṣe, èmi ni kí n wá wọ àṣìṣe?" Màmá kàn bi wọ́n pé, "Ta ló san owó léèsì ọwọ́ ẹ?" Àǹtí dákẹ́. Wọ́n ní kí n wá gbé léèsì àwọn lálẹ́ òní.

Àmọ́ èmi ni mo máa rán ti àǹtí náà o, lọ́fẹ̀ẹ́. Télọ̀ wọn ní Surulere ti ń bínú, ó ní mo gba kọ́sítọ́mà òun.

IyaAlaso_Balogun · Ọjọ́rú, 5:03 ìrọ̀lẹ́

Mo jó ní ṣọ́ọ̀bù! Ẹni tó fẹ́ ra léèsì ń wò mí. Ọmọ mi, wọn àǹtí yẹn fúnra ẹ, má lo mẹ́ṣọ̀ Surulere.

DerebaAguda · Ọjọ́rú, 9:20 alẹ́

Mo ń tọ̀ ọ́ lọ láti àárọ̀ lórí fóònù bí ẹni wo bọ́ọ̀lù, pásẹ́ńjà fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí. O ṣeun tí o lọ sọ fún wọn. Èmi ò sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ ta máṣíìnì, ọjọ́ tí wọ́n gbé e ló mọ̀. Mi ò kọ ìyẹn sínú èyí tí mo kọ láàárọ̀.

AntiAranso_Yaba · Ọjọ́rú, 9:44 alẹ́

Ẹ ti kọ ọ́ báyìí.

TeloMushin · Ọjọ́bọ, 2:15 ọ̀sán

Mi ò sùn. Màmá ti wọ tiwọn wò, ó wọlé sí wọn lára, wọ́n yí po níwájú jíǹgí lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rẹ́rìn-ín sí mi o, àmọ́ wọ́n yí po. Ọmọ iṣẹ́ mi sunkún nígbà tó gbọ́ pé 4 òun ni. Mo ra ìwé tuntun, ojú ìwé kan fún ẹnì kan, a ó máa kọ nọ́ńbà, a ó sì tún máa fi lẹ́tà kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: méjìdínláàádọ́ta. Ó ní ọwọ́ á ro òun. Mo ní kó máa ro ó.

SisiSurulere · Sátidé, 7:10 alẹ́

Ìròyìn dà? Ìgbéyàwó ti parí àbí kò tíì parí?

TeloMushin · Sọ́ńdè, 3:30 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ àná. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin to ara wọn, gèlè bí òrùlé, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó jẹ́ ti ẹni tí a kọ́kọ́ gé kù. Màmá ò kọ nǹkan kan sábẹ́ ẹ̀, fọ́tò nìkan. Báláǹsì, mi ò bi wọ́n, àwọn náà ò sọ.

Àǹtí Fẹ́stàkì pè mí ní àárọ̀ yìí kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní bùbá náà dáa, àmọ́ ó fún àwọn lábíyá bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́ sókè náwó fún ọmọ. Wọ́n ń gbé e bọ̀ Túsìdeè.

IyaAlaso_Balogun · Sọ́ńdè, 3:52 ọ̀sán

Ṣé o fi ìnṣì kan sílẹ̀ nínú abíyá ẹ̀?

TeloMushin · Sọ́ńdè, 3:53 ọ̀sán

Ìnṣì kan àti ààbọ̀ mà.